Ẹ Dáàbò Bo Odò Ọ̀ṣun Láti Orísun Rẹ̀ Wá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn èrò pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà mọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí. Odò tí àwọn ìyá wa fi ṣe àgbo fún ọmọ kí ilé ìwòsàn tó dé ìlú, tí àwọn tó ń wá ọmọ ń bù mu kí wọ́n lè rí ọmọ gbé pọ̀n, tí àwọn olùsìn láti Bràsíl àti Kúbà ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bù sínú ike lọ sílé, òun ni wọ́n ní kí a má fi kan ẹnu. Ìkìlọ̀ náà tọ̀nà, nítorí àyẹ̀wò ti fi hàn pé májèlé wà nínú omi. Ohun tí kò tọ̀nà ni pé orí ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Wọ́n ní kí ẹni tó ń mu omi dáwọ́ dúró, ẹni tó ń da májèlé sínú omi sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lókè odò.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà nínú ìwé Ogún Àgbáyé, ìwé tí àjọ UNESCO ń kọ orúkọ àwọn ibi tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé sí, láti ọdún 2005. Méjì péré ni ti Nàìjíríà nínú ìwé náà. Ìkejì ni Sukur, ìlú orí òkè ní ìpínlẹ̀ Adamawa, tó wọlé ní 1999. Iyì ńlá ni, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní ọlọ́pàá, kò sì lè dá ẹ̀rọ kankan dúró létí odò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀ṣun ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi bẹ́ẹ̀ káàkiri Áfíríkà: wọ́n á fi òfin yí ilẹ̀ ká, wọ́n á sì fi ohun tó ń wọ inú ilẹ̀ náà láti ìta sílẹ̀ láìbojútó. Ìdúró wa ni pé kí ìjọba àpapọ̀ fòfin de wíwa góòlù létí odò Ọ̀ṣun àti létí àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀, láti Ìgèdè-Èkìtì níbi tó ti ṣẹ̀ títí dé Òṣogbo, kí wọ́n sì fagi lé ìwé àṣẹ yòówù tó bá wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Òṣogbo mọ̀ pé orí àdéhùn ni ìlú náà dúró lé. Ọ̀dá ló lé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi kó àwọn ènìyàn wọn dé etí odò. Bí wọ́n ṣe ń ṣán igbó láti tẹ̀dó, igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi, ó sì fọ́ àwọn ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ohùn kan ké láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ṣètùtù. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n sún sókè kúrò létí omi, pé òun yóò máa dáàbò bò wọ́n bí àwọn náà bá ń bọ òun lọ́dọọdún. Àdéhùn yìí ni Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, ń sọ dọ̀tun nígbà gbogbo tí Arugbá bá ru igbá lọ sí odò, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbà pé òrìṣà ń fọhùn, ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn náà: àwọn tó tẹ ìlú yìí dó mọ̀ pé kì í ṣe etí omi gan-an là ń kọ́lé sí, pé ẹni tó bá ba omi jẹ́ jẹ gbèsè, àti pé gbèsè náà kò tán lọ́dún kan. Òfin àyíká ni. Ó ti wà kí òyìnbó tó dé.

Igbó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run rí. Ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn kan ń gé igi rẹ̀, àwọn kan ń dọdẹ inú rẹ̀, àwọn kan ti ń wọn ilẹ̀ rẹ̀ tà, ojúbọ sì ń wó lulẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dara pọ̀ mọ́ àwọn àwòrò àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé. Wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ère, wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n gbẹ́ igi sí ẹnu ọ̀nà, débi pé ẹni tó bá gbé okùn wá láti wọn ilẹ̀ yóò bá òrìṣà pàdé lójúkojú. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n sì fẹ ààlà rẹ̀ ní 1992. Lónìí, hẹ́kítà 75 ni, pẹ̀lú hẹ́kítà 47 mìíràn tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ààbò yí i ká. Àdùnní jáde láyé ní 2009 lẹ́ni ọdún 93. Ìjà ilẹ̀ ni òun àti àwọn tó bá a ṣe jà, wọ́n sì borí. Ìjà omi ló kù fún wa, a kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò dé ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù rí, ẹ jẹ́ ká sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọ́n á hú etí odò, wọ́n á kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sórí pákó tí wọ́n dà ní gẹ̀rẹ́, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fa omi odò lé e lórí. Ẹrẹ̀ á ṣàn padà sínú odò. Èyí tó wúwo tí kò bá omi lọ ni wọ́n ń da mákíúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, sí, nítorí mákíúrì máa ń lẹ̀ mọ́ góòlù. Wọ́n á fọwọ́ pò ó, wọ́n á fún un nínú aṣọ, wọ́n á gbé èyí tó kù ka iná. Mákíúrì á fò lọ ní èéfín, góòlù á kù nínú àwo. Ẹni tó jókòó ti iná náà ló ń kọ́kọ́ fà á símú, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò bo imú tí kò bọ ìbọ̀wọ́ ni. Èyí tó dà sílẹ̀ á bá ẹrẹ̀ wọ odò. Àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ á gbé e mì, ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́, aláboyún á ra ẹja ńlá lọ́jà. Mákíúrì kì í jẹrà. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ló máa ń bà jẹ́ jù.

Ayé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí. Ní Minamata, nílẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ kan da irú májèlé yìí sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn apẹja àti ìdílé wọn jẹ ẹ́ nínú ẹja títí tí ọmọ fi ń di abirùn láti inú oyún. Orúkọ ìlú yẹn ni àwọn orílẹ̀-èdè fi pe àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí mákíúrì ní 2013, Nàìjíríà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nílé níbí pẹ̀lú, kò yẹ kí Zamfara ti kúrò lọ́kàn wa. Ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọdé tó lé ní 400 níbẹ̀. Inú àgbàlá níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré ni wọ́n ti lọ̀ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú tó yẹ omi Ọ̀ṣun wò ti kéde pé àwọn rí mákíúrì àti òjé nínú rẹ̀. Ẹni tí kò gba àyẹ̀wò wọn gbọ́, kó lọ dúró lórí afárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kò rọ̀ tó yẹ kí omi tòrò. Kó wo bó ṣe ń ṣàn ní pípọ́n bí amọ̀.

A ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn abọ̀rìṣà lèyí, pé kí àwọn olómi lọ bójú tó omi wọn. Omi Ọ̀ṣun kì í dúró sí Òṣogbo. Ó ń ṣàn gba apá Ẹdẹ kọjá, ó ń wọ ìsédò Aṣéjìrẹ́ tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó ń po ẹ̀kọ ọmọ ní Agodi, ẹni tó gbàgbọ́ pé ìbọ̀rìṣà ni gbogbo rẹ̀, inú omi tó ti Òṣogbo kọjá ni wọ́n ń bu tiwọn. Ẹ̀rọ tó ń fọ omi lè mú ẹrẹ̀ kúrò. Kò sí ìdí tí a ó fi gbé ẹrù mákíúrì lé e lórí, kí a sì máa retí pé yóò gbé e. Àwọn àgbà ló sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò kìlọ̀ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá hùrùhẹrẹ. Inú ìkòkò gbogbo wa ló ń bọ̀.

Ohun tó mú wa tètè pariwo ni pé a ti rí bó ṣe rí níbòmíràn. Igbó Selous ní Tànsáníà wọ ìwé Ogún Àgbáyé ní 1982. Ó tóbi ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ, erin tó wà níbẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980 lé ní 100,000. Nígbà tó fi máa di 2013, àwọn tó ń pa erin nítorí eyín rẹ̀ ti dín wọn kù sí bíi 13,000. Ní 2012, ìgbìmọ̀ Ogún Àgbáyé fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n gé apá kan kúrò lára igbó náà nítorí kùsà yùréníọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní 2014, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kọ́ ìsédò ńlá sórí odò Rufiji, láàárín igbó gan-an, èyí tó lè mú mẹ́gáwáàtì 2,115 jáde. Tànsáníà nílò iná mọ̀nàmọ́ná, àwa tí a mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún ni kò ní bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí a fà yọ níbẹ̀ ni pé nígbà tí ìjọba bá ti pinnu pé owó tàbí iná ṣe pàtàkì ju igbó lọ, ìwé UNESCO kò dá wọn dúró rí. Ìgbìmọ̀ náà bínú, ó kọ lẹ́tà, ó halẹ̀ pé òun yóò yọ ọ́. Ìsédò wà níbẹ̀.

Òkè Nimba, láàárín Gínì àti Côte d'Ivoire, ti wà nínú ìwé ewu láti 1992 nítorí irin tó wà nínú òkè náà. Virunga ní Kóńgò, tó jẹ́ igbó ọba àkọ́kọ́ ní Áfíríkà láti 1925, ti pàdánù ẹ̀ṣọ́ igbó tó lé ní 200. Méjìlá nínú wọn kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Ilé iṣẹ́ epo kan ti gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ rí. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja adágún Edward títí dé ìlú òyìnbó, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní 2014. Ariwo ló lé e lọ. A fẹ́ kí àwọn ará Òṣogbo rántí èyí.

A sì fẹ́ kí wọ́n rántí Timbuktu. Ní 2012, àwọn agbébọn tó gba ìlú náà fi ṣọ́bìrì àti àáké wó ibojì àwọn àlùfáà àtijọ́ lulẹ̀. Àwọn ọ̀mọlé ìlú náà, tí iṣẹ́ amọ̀ jẹ́ àjogúnbá fún, ni wọ́n tún un mọ padà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2015. Ní 2016, ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní Hague rán Ahmad al-Faqi al-Mahdi lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án nítorí ó lọ́wọ́ nínú wíwó àwọn ibojì náà. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án fún ẹni tó fi ṣọ́bìrì wó ojúbọ ará ìlú lulẹ̀. Kí ni a óò ṣe fún ẹni tó ń da májèlé sínú odò tí ènìyàn ń bọ, tí ènìyàn ń mu, tí ènìyàn ń fi wẹ ọmọ?

Ní Nàìjíríà, a ti mọ àwáwí tí wọ́n máa ń ṣe. Ìpínlẹ̀ á ní ìjọba àpapọ̀ ló ni kùsà. Ìjọba àpapọ̀ á ní ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, omi sì ń bàjẹ́ lọ. Àwáwí náà kò dúró. Nínú ìwé òfin 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí ìwakùsà, ìjọba àpapọ̀ kan náà ló sì ni àjọ tó ń mójú tó Igbó Ọ̀ṣun. Abẹ́ òrùlé kan ni ẹni tó ń fún ni níwèé àṣẹ góòlù àti ẹni tó ń ṣọ́ ère Àdùnní wà. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé a kò gbọdọ̀ wa kùsà nílẹ̀ tó jẹ́ ibi mímọ́ tàbí ibi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì tún sọ pé awakùsà kò gbọdọ̀ ba omi jẹ́. Apá àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́: kò sí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò sí iwájú ojúbọ Ọ̀ṣun. Apá kejì ni gbogbo wọn dijú sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ń gbà wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìwakùsà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2024 wà. Kí wọ́n wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù náà.

Ìpínlẹ̀ náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Kò sí bí àjèjì ṣe lè gbé ẹ̀rọ wọ inú oko kòkó kó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù hú etí odò láìjẹ́ pé ẹnìkan nílé gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baálẹ̀ kan gbà á, àwọn onílẹ̀ kan gbà á. A mọ̀ pé ebi ń pa ènìyàn, pé ìlú tí kò sí iṣẹ́ ni góòlù ti ń dùn mọ́ ọ̀dọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wa góòlù mọ́ ní Nàìjíríà. Kí wọ́n wà á jìnnà sí omi, kí wọ́n gbẹ́ adágún tí ẹrẹ̀ yóò máa rọ̀ sí kí omi tó jáde, kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo ya góòlù sọ́tọ̀ láìlo mákíúrì. Kí ọlọ́pàá sì yé mú àwọn ọmọ tó wà nínú kòtò nìkan. Ẹni tó ń ta mákíúrì ní ṣọ́ọ̀bù wà. Ẹni tó ń ra góòlù lọ́wọ́ wọn lálẹ́, tó mọ̀ pé kò ní ìwé, wà pẹ̀lú. Bí a bá mú àwọn yẹn, kòtò á dá ara rẹ̀ dí.

Ohun kan wà tí Abuja lè ṣe láìná kọ́bọ̀, a kò sì rí i kí ẹnìkan dá a lábàá: kí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí UNESCO pé kí wọ́n gbé Igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sá fún èyí bí ẹni pé ìtìjú ni. Kì í ṣe ìtìjú. Òkè Simien ní Ẹtiópíà wọ ìwé ewu ní 1996, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, ó jáde ní 2017. Àwọn ààfin Abomey tó wà lẹ́bàá wa níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀ wọ̀ ọ́ ní 1985 lẹ́yìn tí ìjì jà wọ́n, wọ́n jáde ní 2007. Ibojì àwọn ọba Buganda ní Kasubi jóná ní 2010, àwọn ará Buganda tún un kọ́, ó sì jáde ní 2023. Gbogbo wọn rí ojú ayé àti ìrànwọ́ gbà nítorí pé wọ́n jẹ́wọ́ pé ara àwọn kò yá. Bí a kò bá lè ṣe èyí fún ibi tó ti wọlé, ojú wo la ó fi máa bẹ̀bẹ̀ fún Ẹ̀rẹ̀dò Ṣùngbọ́, tí orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé ìdúró láti 1995, àti Òkè Ìdànrè tó ń dúró láti 2007?

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa yẹ omi náà wò lóṣooṣù, láti Ìgèdè títí dé Aṣéjìrẹ́, kí wọ́n lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó àti ojú afárá ní èdè Yorùbá. Kí àwọn àwòrò Ọ̀ṣun àti aṣojú Àtáọ́ja ní ìjókòó níbi tí wọ́n bá ti ń pín ìwé àṣẹ góòlù ní agbègbè odò náà, kí ohùn wọn sì lè dí i lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ Ogún Àgbáyé ń ṣe ìpàdé lọ́dọọdún. Kí lẹ́tà Nàìjíríà wà lórí tábìlì wọn ní ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú àbájáde àyẹ̀wò omi lára rẹ̀, kí mínísítà tó ń mójú tó kùsà àti èyí tó ń mójú tó àṣà fọwọ́ sí i pa pọ̀.